Ẹni Tó Kó O Kì Í Gbàgbé: Òfò Tí Àìsí Ìmọ́tótó Àyíká Ń Kó Bá Ọrọ̀-Ajé Nàìjíríà Láti 1899 Títí Di Òní

Àṣamọ̀

Iṣẹ́ yìí ṣe àgbéyẹ̀wò ohun tí àìsí ìmọ́tótó àyíká ti ná Nàìjíríà láti ìparí ọ̀rúndún kọkàndínlógún títí di òní. Àwọn onímọ̀ ìlera ti ka iye aláìsàn àti iye òkú; àwọn onímọ̀ ọrọ̀-ajé náà ti ka iye owó. Ohun tí a fẹ́ fi kún un ni ìbéèrè onítàn: ta ni ó ń san owó náà, ìgbà wo sì ni ó ń san án? Èkó àti Ìbàdàn ni a fi ṣe àpẹẹrẹ. A rí i pé owó ìmọ́tótó tí ìlú kò bá san nígbà tí ó kéré, ó máa ń san án lẹ́yìn pẹ̀lú èlé, àti pé ẹni tí agbára rẹ̀ kéré jù ni a sábà máa ń fa gbèsè náà lé lọ́wọ́. Ní ìparí, a dábàá ohun tí àwa tí a ń kọ́ olùkọ́ lè ṣe.

Ìfáárà

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ẹni tó ṣu ló ń gbàgbé, ẹni tó kó o kì í gbàgbé. Ẹni tó ṣẹ ọmọnìkejì rẹ̀ tí kò sì rántí mọ́ ni a sábà máa ń pa òwe yìí fún. Nínú iṣẹ́ yìí, a fẹ́ gbà á bí wọ́n ṣe sọ ọ́ gan-an, láìfi ṣe àfiwé kankan. Ìgbẹ́ tí ènìyàn yà kò lè dá gbéra lọ. Ẹnì kan ni yóò kó o. Ní ayé àtijọ́ ní àwọn ìlú ńlá wa, agbépòó ni ó ń ru korobá ìgbẹ́ lóru, tí yóò bojú kí ẹnikẹ́ni má baà dá a mọ̀. Bí agbépòó kò bá sì sí, òjò ni yóò kó o lọ sínú kànga, eṣinṣin ni yóò kó o wá sórí oúnjẹ, ìyá ọmọ ni yóò sì kó o gẹ́gẹ́ bí owó oògùn àti owó posí.

Ohun tí ó mú wa kọ iṣẹ́ yìí ni pé, nígbàkígbà tí a bá sọ̀rọ̀ ìmọ́tótó níbi ìpàdé ìlú tàbí ti iléèwé, èsì tí a máa ń gbọ́ ni pé kò sí owó. Èsì náà dà bí ẹni pé bí a kò bá ná owó, owó náà yóò wà nílẹ̀. Ìtàn kò gbè é.

Kí ni òfò tí à ń sọ?

Ní ọdún 2012, Báńkì Àgbáyé gbé ìròyìn kan jáde lórí Nàìjíríà. Ó ṣírò pé àìsí ìmọ́tótó ń mú kí orílẹ̀-èdè yìí pàdánù bílíọ̀nù 455 náírà lọ́dọọdún. Nígbà náà, iye yẹn tó bílíọ̀nù 3 dọ́là, ìyẹn nǹkan bí 20 dọ́là lórí ẹnì kọ̀ọ̀kan, tàbí ìdá 1.3 nínú 100 gbogbo ohun tí orílẹ̀-èdè pèsè láàárín ọdún kan.

Ọ̀nà mẹ́rin ni owó náà ń gbà lọ. Èkíní ni ikú àìtọ́jọ́, tí ó gba bílíọ̀nù 2.5 dọ́là nínú rẹ̀. Ìròyìn náà sọ pé ìgbẹ́ gbuuru ń pa nǹkan bí 121,800 ènìyàn lọ́dún, tí 87,100 nínú wọn jẹ́ ọmọ tí kò tíì pé ọdún márùn-ún. Ó sì so nǹkan bí ìdá 90 nínú 100 wọn mọ́ omi àìmọ́, àìsí ilé ìgbọ̀nsẹ̀ tó dára àti àìfọwọ́. Èkejì ni àkókò, tí ó gba mílíọ̀nù 243 dọ́là. Ẹni tí kò ní ilé ìgbọ̀nsẹ̀ ń lo ọjọ́ méjì àbọ̀ lọ́dún láti wá ibi kọ́lọ́fín tí yóò ti yàgbẹ́. Àwọn obìnrin ni èyí wọ̀ lọ́rùn jù, nítorí àwọn ni wọ́n ń mú ọmọdé, aláìsàn àti arúgbó lọ. Ẹ̀kẹta ni owó ìtọ́jú àìsàn, mílíọ̀nù 191 dọ́là. Ẹ̀kẹrin ni iṣẹ́ tí aláìsàn kò lè ṣe, èyí tí ó kó ìyókù.

Ẹ jẹ́ kí a kíyè sí nǹkan kan níhìn-ín. Nínú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, owó ìtọ́jú nìkan ni a ń fọwọ́ kà jáde nínú àpò. Àwọn yòókù kò ní rìsíìtì. Bí ìjọba ìbílẹ̀ kan bá gbẹ́ ṣálángá ogún sí ọjà, owó náà yóò hàn nínú ìwé ìṣúná. Bí kò bá gbẹ́ ẹ, tí ìyá aláta dùbúlẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ kan, kò sí ìwé kankan tí a óò ti rí i. Nítorí náà ni ó fi ń jọ pé àìṣe nǹkan kan kò ná wa ní nǹkan kan. Ìgbà tí àjàkálẹ̀ àrùn tàbí àgbàrá bá dé ni ìwé gbèsè náà máa ń jáde sí gbangba. Ìròyìn tí a sọ yìí kò tilẹ̀ ka owó tí àjàkálẹ̀ àrùn ń ná ìlú mọ́ ọn, kò sì ka ìpalára tí ó ń ṣe fún ọpọlọ àti ìdàgbà ọmọdé. Ẹ̀dínkù ni iye náà.

Ta ni yóò san owó omi? Èkó, 1899 sí 1917

Kí ìlú tó kún, ilé kọ̀ọ̀kan ní ààtàn tirẹ̀, igbó sì wà lẹ́yìn odi. Ètò náà bá iye ènìyàn ìgbà náà mu. Nígbà tí Èkó di èbúté ńlá àti ibùjókòó ìjọba Gẹ̀ẹ́sì, ènìyàn pọ̀ sí i, igbó tán, ṣùgbọ́n ilẹ̀ erékùṣù kò fẹ̀ sí i.

Ní ọdún 1899, William MacGregor, tí òun fúnra rẹ̀ jẹ́ dókítà, di gómìnà Èkó. Kò pẹ́ sí ìgbà náà tí Ronald Ross ti fi hàn pé ẹ̀fọn ni ó ń gbé ibà káàkiri. MacGregor bẹ̀rẹ̀ sí í fa omi àbàtà gbẹ, ó sì gbẹ́ ipa odò kan tí wọ́n sọ ní orúkọ rẹ̀. Èrò tirẹ̀ ni pé kí a tọ́jú gbogbo ìlú pọ̀, kò fara mọ́ pé kí òyìnbó yà sọ́tọ̀ kúrò lọ́dọ̀ aláwọ̀ dúdú nítorí àìsàn.

Àwọn tó jẹ lẹ́yìn rẹ̀ gba ọ̀nà mìíràn. Lábẹ́ Lugard, òfin ìlú ti ọdún 1917 pín àwọn ìlú Nàìjíríà sí ipele mẹ́ta, Èkó nìkan ni ó wà ní ipele kìíní. Ètò ìgbà náà sì ni pé kí ilẹ̀ tí ó fẹ̀ tó 440 yáàdì, tí ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ gbé, wà láàárín àdúgbò òyìnbó àti ti aláwọ̀ dúdú. Àwọn aṣojú tí ó wá láti Kàdúná, Jọ́ọ̀sì tàbí Ẹnúgu kò nílò kí a júwe èyí fún wọn. Àdúgbò tí à ń pè ní GRA ṣì wà ní ìlú wọn. Gọ́tà rere, omi ẹ̀rọ àti agbálẹ̀ kọ́kọ́ dé ibẹ̀. Owó orí tí a fi ṣe é wá láti ibi gbogbo.

Ọ̀rọ̀ omi ni ó kọ́kọ́ sọ ìbéèrè yìí di ìjà. Nígbà tí ìjọba fẹ́ fa omi ẹ̀rọ wọ Èkó tí ó sì fẹ́ gba owó omi lọ́wọ́ ará ìlú, Dókítà John Randle àti Dókítà Orísàdípẹ̀ Ọbasá dá ẹgbẹ́ People's Union sílẹ̀ ní 1908 láti tako owó náà. Ará ìlú ní àwọn ní kànga, àti pé òyìnbó ni yóò lo omi ẹ̀rọ jù. Síbẹ̀, omi Ìjù ṣàn wọ Èkó ní 1915, ìjà lórí owó rẹ̀ kò sì tán lọ́jọ́ náà.

Àwọn kan ti ka ìjà yìí sí àìmọ̀kan. Lójú tiwa, kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Dókítà ni àwọn olórí ẹgbẹ́ náà. Wọ́n mọ ohun tí omi àìmọ́ lè ṣe. Ohun tí wọ́n béèrè ni pé kí ẹni tí yóò jẹ èrè rẹ̀ jù san owó jù. A kò tíì dáhùn ìbéèrè náà di òní.

Àrùn eku àti àwọn wolé-wolé, 1924 sí 1930

Ní 1924, àrùn eku wọ Èkó. Kòkòrò tí ń mu ẹ̀jẹ̀ lára eku ni ó ń kó o ran ènìyàn. Ibi tí pàǹtírí bá ti pọ̀, tí ilé sì fún pọ̀ mọ́ra wọn, ni eku ti ń rí oúnjẹ àti ibùba. Ó tó 1930 kí àrùn náà tó lọ sílẹ̀. Ìjọba pa eku, ó sì wó ilé. Ní 1928, ó dá Ìgbìmọ̀ Amójútó Ìdàgbàsókè Èkó sílẹ̀, tí a mọ̀ sí LEDB, kí ó lè máa gba ilẹ̀, kí ó máa wó àdúgbò tí ó kún jù, kí ó sì máa la ilẹ̀ tuntun sí Yábàá. Ní kúkúrú, owó tí ìjọba kò fẹ́ ná sórí gọ́tà àti ààtàn ní Ìsàlẹ̀ Èkó ní ọdún mẹ́wàá ṣáájú, ó wá ná an sórí eku, òkú àti ilé wíwó.

Ọ̀nà kan wà tí kò wọ́n tó bẹ́ẹ̀. Dókítà Isaac Ládípọ̀ Olúwọlé, tí ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ìlera ìlú ní Èkó ní àkókò àrùn náà, tí ó sì di aláwọ̀ dúdú àkọ́kọ́ tí ó jẹ́ ọ̀gá àgbà ìlera ìlú Èkó ní 1936, gbájú mọ́ àyẹ̀wò ilé àti ìlera ọmọ iléèwé. Òun ni a ń rántí pẹ̀lú Iléèwé Ìmọ́tótó ti Yábàá, níbi tí wọ́n ti kọ́ àwọn aṣàyẹ̀wò ilé láti gbogbo ẹkùn Nàìjíríà. Yorùbá pè wọ́n ní wolé-wolé, Haúsá pè wọ́n ní duba-gari, Ígbò sì pè wọ́n ní nwaole. Pé iṣẹ́ kan ní orúkọ nínú èdè mẹ́tẹ̀ẹ̀ta fi hàn pé ó dé ẹnu ọ̀nà gbogbo wa.

Àwa tí a wà ní iléèwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní nǹkan bí 1980 ṣì bá díẹ̀ nínú ìgbà wọn. Wolé-wolé yóò yọjú wo àmù bóyá tanwíji wà nínú rẹ̀, yóò wo ilé ìdáná, yóò wo ṣálángá. Bí ó bá rí àléébù, ó lè fún onílé ní sámáńsì. Ìbẹ̀rù wọn pọ̀; àwọn ìyá wa a máa sáré da omi àmù nù bí wọ́n bá gbọ́ pé wọ́n ń bọ̀. A kò fẹ́ fi oyin sí i: owó ìtanràn náà ni tálákà lára, àwọn mìíràn nínú wọn sì gba rìbá. Ṣùgbọ́n owó oṣù wolé-wolé mẹ́wàá kò tó ohun tí àjàkálẹ̀ kan ń jẹ. Nígbà tí iṣẹ́ wọn rọ lẹ́yìn òmìnira, a kò rí ẹni tí ó dípò wọn. Àrùn onígbáméjì wọ Nàìjíríà ní ìparí 1970, ó sì ń padà wá láti ìgbà náà. Ní 1991 ó pa 7,654 ènìyàn. Ní 2021 ó mú 111,062 tí a fura sí pé wọ́n ní in, ó sì pa 3,604.

Nígbà tí oògùn ń dá egbò sílẹ̀: Ìsàlẹ̀ Èkó, 1955

Òfò tún wà tí àwọn onísirò kì í kà, ìyẹn ni òfò tí àtúnṣe búburú ń fà. Ní 1955, LEDB bẹ̀rẹ̀ sí í wó apá kan ní àárín gbùngbùn Èkó, nǹkan bí 70 éékà, nítorí pé ó kún, ó sì dọ̀tí. Wọ́n ní kí àwọn ará ibẹ̀ lọ máa gbé ní Súrùlérè, lókè odò. Peter Marris lọ bá àwọn ìdílé náà sọ̀rọ̀, ó sì gbé ìwé jáde lórí wọn ní 1961.

Ohun tí ó rí yẹ ní kíkà fún ẹnikẹ́ni tí ó bá fẹ́ fi katakata tún ìlú ṣe. Ilé Súrùlérè mọ́, ó ní afẹ́fẹ́, ó ní ilé ìgbọ̀nsẹ̀. Ṣùgbọ́n obìnrin tí ń tajà ní iwájú ilé rẹ̀ ní Èkó kò rí oníbàárà mọ́. Oníṣẹ́ ọwọ́ pàdánù àwọn tí wọ́n mọ ojúlé rẹ̀. Owó ilé pọ̀ sí i, owó ọkọ̀ wọlé síwájú owó oúnjẹ, ìyá arúgbó sì di ẹni tí a ń bẹ̀ wò lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan. Ìmọ́tótó dé, ọrọ̀-ajé ìdílé sì wó pẹ̀lú ilé. Ètò náà kò sì parí bí wọ́n ṣe gbèrò rẹ̀.

Ẹ̀kọ́ tí a rí kọ́ níbẹ̀ ni pé ìdọ̀tí kì í ṣe ìwà àdúgbò kan. Àìsí gọ́tà, àìsí omi àti àìsí ilé ìgbọ̀nsẹ̀ ni ó wà ní Ìsàlẹ̀ Èkó. A lè gbé àwọn wọ̀nyí lọ bá ènìyàn níbi tí wọ́n wà, kí ilé àti ọjà wọn má sì tú.

Odò tí ó gba ọ̀nà rẹ̀ padà: Ìbàdàn

Ní Ìbàdàn, pàǹtírí ni ó mú gbèsè wá. Odò Ògùnpa gba àárín ìlú kọjá, àwọn ènìyàn kọ́lé sí etí rẹ̀, wọ́n sì sọ ọ́ di ààtàn. Ní ọjọ́ 31 oṣù Kẹjọ ọdún 1980, òjò rọ̀, omi kò rí ọ̀nà, ó sì gba inú ilé lọ. Àwọn tí ó kú lé ní 200. Ọkọ̀, ọjà, ilé àti afárá bá a lọ. Ìjọba ṣèlérí, wọ́n fi kọnkéré sí ipa odò náà, ṣùgbọ́n a kò yé da ilẹ̀ sínú odò. Ní ọjọ́ 26 oṣù Kẹjọ ọdún 2011, omíyalé mìíràn pa ènìyàn tí ó lé ní 100 ní ìlú kan náà.

Ní 2014, Báńkì Àgbáyé fọwọ́ sí ẹ̀yáwó mílíọ̀nù 200 dọ́là láti dáàbò bo Ìbàdàn lọ́wọ́ omíyalé. A kò bu ẹnu àtẹ́ lu iṣẹ́ náà. Ó pọn dandan. Àmọ́ ẹ wo ìrìn owó náà. Ọ̀rá tí ẹnì kan jù sí gọ́tà ní 1978 láìsan kọ́bọ̀ ti di gbèsè tí ọmọ tí a kò tíì bí yóò bá wa san. Ẹni tó ju ilẹ̀ ti gbàgbé.

Láti ìmọ́tótó oṣooṣù títí di òní

Ìjọba ológun bẹ̀rẹ̀ Ogun sí Ìwà Àìtọ́, WAI, ní 1984, ó sì fi ìmọ́tótó àyíká kún un ní 1985. Láti ìgbà náà, Sátidé tí ó kẹ́yìn oṣù di ọjọ́ ìmọ́tótó: ọjà tì, ọkọ̀ kò rìn fún wákàtí mẹ́ta. Ìlú mọ́ díẹ̀, àwa náà gbálẹ̀. Ṣùgbọ́n ilẹ̀ tí a kó jáde a máa wà létí títì títí òjò yóò fi dá a padà sí gọ́tà, nítorí kò sí ọkọ̀ tí yóò kó o. Wákàtí mẹ́ta ọlọ́jà àti awakọ̀ ni ìjọba ná, láìná owó tirẹ̀. Ìpínlẹ̀ Èkó fòpin sí títi ìlú pa yìí ní 2016, lẹ́yìn tí ilé-ẹjọ́ ti sọ pé kò bófin mu láti dá ènìyàn dúró.

Ní oṣù Kọkànlá ọdún 2018, Ààrẹ kéde pé ọ̀rọ̀ omi àti ìmọ́tótó ti di pàjáwìrì. Ní 2019, àṣẹ ààrẹ kẹsàn-án fi 2025 ṣe òpin yíyàgbẹ́ sí gbangba. Ìwádìí tí ìjọba àpapọ̀ ṣe ní 2021 fi hàn pé mílíọ̀nù 48 ọmọ Nàìjíríà ṣì ń yàgbẹ́ sí gbangba. Ọdún 2025 dé, ìgbẹ́ gbangba kò tán. Ọ̀bùn ríkú ọkọ tìrọ̀ mọ́: a kò lè máa di gbogbo rẹ̀ ru òyìnbó amúnisìn, ó ti lé ní ọgọ́ta ọdún tí wọ́n ti lọ.

Ibi tí ó kan àwa olùkọ́ àwọn olùkọ́

Nígbà tí a bá lọ wo àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wa níbi tí wọ́n ti ń kọ́ṣẹ́ ìkọ́ni, ètò ẹ̀kọ́ wọn ni a kọ́kọ́ máa ń béèrè. Ní ọdún kan, a bá ọ̀kan nínú wọn tí ó kọ ìmọ́tótó sójú pátákó, iṣẹ́ rẹ̀ sì dára púpọ̀. Lẹ́yìn tí a fún un ní máàkì tán, a béèrè ilé ìgbọ̀nsẹ̀. Ó rẹ́rìn-ín. Ó ní igbó ẹ̀yìn iléèwé ni àwọn ọmọ ń lò, àti pé òun fúnra òun kì í mu omi láti àárọ̀ títí òun yóò fi délé. Oṣù kẹta rẹ̀ níbẹ̀ nìyẹn. Ìgbà tí ó bá ń ṣe nǹkan oṣù rẹ̀, kì í wá sí iṣẹ́.

Èyí náà jẹ́ òfò ọrọ̀-ajé. Ọjọ́ tí kò wá, ọgbọ̀n ọmọ tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ ni kò rí ẹ̀kọ́ gbà. Kò sí ìwé tí a kọ ọ́ sí, àwa náà kò sì kọ ọ́ sínú fọ́ọ̀mù wa, nítorí kò sí àyè fún un níbẹ̀.

Nítorí náà, a dábàá nǹkan mẹ́rin. Èkíní, kí fọ́ọ̀mù àyẹ̀wò ìkọ́ni ní àyè fún omi àti ilé ìgbọ̀nsẹ̀ iléèwé, kí kọ́lẹ́ẹ̀jì má sì fi akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ ránṣẹ́ sí ibi tí kò ti sí méjèèjì láìjẹ́ pé a bá àwọn aláṣẹ ibẹ̀ sọ ọ́. Èkejì, kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ NCE máa fi iye òfò ìmọ́tótó ní àdúgbò wọn ṣe iṣẹ́ àpilẹ̀kọ: wákàtí mélòó, ọjọ́ iṣẹ́ mélòó, náírà mélòó. Ohun tí a bá kà ni a lè bá ìjọba jà lé lórí. Ẹ̀kẹta, kí ẹ̀ka Ìtàn àti àwọn ẹ̀ka Èdè gba ìtàn wolé-wolé, duba-gari àti nwaole sílẹ̀ lẹ́nu àwọn arúgbó kí wọ́n tó lọ tán. Ẹ̀kẹrin, kí kọ́lẹ́ẹ̀jì kọ̀ọ̀kan ya owó sọ́tọ̀ fún omi àti agbálẹ̀ nínú ìṣúná rẹ̀, nítorí ilé ìgbọ̀nsẹ̀ tí kò ní omi kì í pẹ́ di ààtàn.

Ìgúnlẹ̀

Àjọ Ìlera Àgbáyé ṣírò ní 2012 pé dọ́là kan tí a bá ná sórí ìmọ́tótó ìgbọ̀nsẹ̀ ń mú dọ́là 5.5 padà wá. Ìtàn Èkó àti Ìbàdàn ti sọ ohun kan náà fún wa láìlo ìṣirò. Èyí tí ìlú kò san fún gọ́tà, ó san án fún àrùn eku. Èyí tí kò san fún akólẹ̀, ó san án fún omíyalé. Ní gbogbo ìgbà náà, obìnrin ọlọ́jà, ọmọdé àti àwọn tí a wó ilé wọn ni gbèsè náà kọ́kọ́ kàn.

Bí àwọn aláṣẹ bá tún sọ fún wa pé kò sí owó, ó yẹ kí a lè fèsì pé à ń san owó náà lọ́wọ́lọ́wọ́, kí a sì fi iye rẹ̀ hàn wọ́n nínú ìwé. Ẹni tó kó o kì í gbàgbé. Iṣẹ́ tiwa ni láti kọ ohun tí ó kó sílẹ̀.